Àpótí Èsì Tí Mi Ò Kọ Nọ́ńbà Sí

Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Tí mo bá jókòó, ara á rọ̀ mí, tí ara bá sì rọ̀ mí, màá tún parọ́, torí mo mọ ara mi. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tó ń jẹ mí díẹ̀díẹ̀. Lónìí, Ọjọ́bọ̀, nínú pálọ̀ yín yìí ní Ire-Akari, ó gbọ́dọ̀ jáde, kódà bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá sí mi lẹ́yìn ẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Bọ̀dá Ọláyanjú, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mo bẹ̀ yín. Jennifer, a ò mọra rí, ṣùgbọ́n ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn jù, torí Sátidé ọ̀tunla ni ìgbéyàwó ìwọ àti Bọ̀dá. Ẹ sì wo Morọ́lá níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, nínú ilé tó ti jẹ́ ìyàwó rí, tí ẹnikẹ́ni ò fún un ní àga. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ gbọ́ èyí ná: Morọ́lá ò yan àlè rí. Ọmọ yín ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ẹ̀yin lẹ bí i, Bọ̀dá. Èmi Bánkẹ́ ni mo mọ̀, èmi ni mo sì dákẹ́. Ká ní ìdákẹ́ nìkan ni, ì bá sàn. Ẹ máa gbọ́ èyí tó kù.

Ọmọ Ìlobùú ni mí. Ìgbà tí mo dé Èkó, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwé kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òṣòdì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ PHP, èdè tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí á ṣe to ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú ilé kan náà ni èmi àti Morọ́lá ti gba yàrá ní Okota, ilẹ̀kùn mi kọjú sí tiẹ̀, sítóòfù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní kọ́rídọ̀. Iyọ̀ mi tán, tiẹ̀ ni mo ń bù. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń fọ èébì mi. Ọ̀rẹ́ tí mo ṣe lóhun tí mo ṣe yìí nìyẹn, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tó dúró níwájú yín.

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Àjàó Estate, ti Dókítà Ògúnlànà. Iṣẹ́ mi ni wẹ́bùsáìtì tí àwọn èèyàn ti ń ṣí èsì àyẹ̀wò wọn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ, wọ́n á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ, o máa fi nọ́ńbà yẹn wọlé, o sì máa rí èsì ẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣe é báyìí: kò sí jínótáìpù, kò sí ìgbéyàwó. Sátidé ni kíláàsì àwọn tó fẹ́ fẹ́ra, Dókítà sì ti bá àwọn pásítọ̀ ṣàdéhùn pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé la ó máa tú gbogbo èsì ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Aago mẹ́wàá bá ti lù, gbogbo ọkọ ìyàwó àti ìyàwó láti Ìsọlọ̀ dé Màfólúkù á jọ dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wẹ́bùsáìtì á kọ́kọ́ máa fà, tó bá yá, á kú fin-ín. Dókítà pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bánkẹ́, àwọn pásítọ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Bí nǹkan yìí bá tún kú ní Sátidé tó ń bọ̀, màá wá ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo yọ èjìká, mo ní, "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, èsì á ti jáde." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ìgbéraga ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe odidi kan. Ègé-ègé ni PHP ń tò ó pọ̀: òkè níbi tí orúkọ ẹni wà, ẹ̀gbẹ́ níbi tí a kọ oríṣiríṣi àyẹ̀wò tí a ń ṣe sí, ìsàlẹ̀ níbi tí àdírẹ́sì wa wà, àti àárín gan-an, níbi tí èsì wà. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí i, PHP gbọ́dọ̀ lọ béèrè ègé kọ̀ọ̀kan níbi tí a kó àkọsílẹ̀ sí kó tó tò ó. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, mímí á sú u. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí o tọ́jú àwọn ègé tí kì í yí padà sínú àpótí kan, kí o máa bù ú fún gbogbo ẹni tó bá dé, bí ìgbà tí èèyàn bá ti se ọbẹ̀ sílẹ̀. Káàṣì làwa oníṣẹ́ ń pè é. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ. Ṣùgbọ́n èsì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọbẹ̀, pákò ẹnu ẹni ni. Bí o bá máa tọ́jú ẹ̀ pamọ́ rárá, o gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà olóhun sára àpótí náà, kí ti Lágbájá má bàa lọ sọ́wọ́ Lámọrín.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ ọ́, ọ̀sán gangan, ebi ń pa mí, mo sì ń kánjú. "Èsì" lásán ni mo kọ sára àpótí yẹn. Mi ò kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí i. Mo ní kó máa gbé ohun tó bá wà nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí a bá tú èsì sílẹ̀, tí èrò máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà kó padà máa lọ béèrè ti kálukú. Mo wá fi nọ́ńbà èmi fúnra mi wọlé láti dán an wò, èsì mi jáde wàrà, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Òpònú! Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wọlé, èsì ta ni ì bá jáde bí kò ṣe tèmi? Ká ní mo pe ẹnìkan ṣoṣo, ká ní mo ní kí Alameen tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níyàrá kejì fi nọ́ńbà tiẹ̀ wọlé lẹ́yìn mi, ì bá ti rí èsì mi lábẹ́ orúkọ ara ẹ̀, à bá sì rẹ́rìn-ín. Mi ò pè é. Ìrẹsì ni mo lọ jẹ.

Nígbà tó di Sátidé, aago mẹ́wàá lù. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣí tiẹ̀, AA ni. AA yẹn ló wà nínú àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun sì ni gbogbo ẹni tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn rí. Orúkọ kálukú wà lókè, ó pé, torí ègé òkè yẹn, mi ò tọ́jú ẹ̀ pamọ́. Àárín nìkan ló jẹ́ ti ẹlòmíràn. Bọ̀dá Ọláyanjú, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ni ẹ wọlé. Orúkọ yín lẹ rí, AA lẹ rí, ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé ní ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mú un fún pásítọ̀. Ta ló máa dá yín lẹ́bi? Lọ́jọ́ yẹn, èmi ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, Morọ́lá sáré jáde, ó gbá mi mọ́ra tòun ti ọṣẹ. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti mọ̀ pé AS lòun, ọkùnrin méjì ló sì ti fi sílẹ̀ tẹkún-tẹkún nítorí ẹ̀. Ó ní, "Bánkẹ́, AA ni! AA ni Ọláyanjú o! Ilé iṣẹ́ yín náà ló ti ṣe é. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ." Mo bá a yọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, tọkàntọkàn ni, mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo mọ̀. Ọkùnrin kan gbé fóònù wá síbi iṣẹ́, ó ní lánàá òun rí AS, lọ́jọ́ Sátidé òun rí AA, ṣé jínótáìpù òun ń pààrọ̀ aṣọ ni? Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo sáré wọlé, mo fi nọ́ńbà sára àpótí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún un, kò gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Mo wá ṣí ìwé àwọn tó wọlé. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló ṣí èsì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Mẹ́tàlá nínú wọn, AA náà ni wọ́n lóòótọ́. Mẹ́fà ló gba irọ́. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ti padà wọlé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rí òtítọ́. Ẹ̀karùn-ún, mo pè é, mo parọ́ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bàjẹ́, kó wá gba òmíràn, ó wá. Ẹ̀kẹfà ni Ọláyanjú. AS.

Mo mú fóònù láti pè yín, Bọ̀dá. Ọlọ́run ń gbọ́, mo ti tẹ nọ́ńbà yín dé ìdajì. Alameen wọlé, mo sọ fún un, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún Dókítà pé èsì èèyàn mọ́kàndínlógún pòrúurùu lọ́wọ́ ẹ? Wọ́n á ti ibí yìí pa. Èmi náà á dèrò ilé." Mo ní, ọ̀rẹ́ mi ni ìyàwó, AS lòun náà. Ó wá ní, "Kì í ṣe gbogbo AS àti AS ló ń bí SS. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹlòmíì á bí mẹ́rin, kò ní sí ọ̀kan. Gbàdúrà sí i." Ẹ wò mí, èmi tí mo mọ ìṣirò, tí mo ń fi nọ́ńbà jẹun, mo gbà pé ọ̀kan nínú mẹ́rin, nǹkan kékeré ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kan ilẹ̀kùn Morọ́lá lọ́sẹ̀ yẹn láti sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyá ń sunkún ayọ̀ láti Ẹdẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fún mi ní mọ́ínmọ́ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó lanu, ó ní èmi ni màá dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé kò sí ẹlòmíì. Mo ní mo dúpẹ́. Mo sì dúró tì í lóòótọ́, Màmá, ẹ rántí mi, èmi ni mo ń bá a gbé ẹ̀yìn aṣọ ìgbéyàwó. Gbogbo ìgbà tí pásítọ̀ ń béèrè bóyá ẹnìkan wà tó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra wọn, mo ń wo bàtà mi.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé láàárín ọdún kan. Mo ń ka oṣù. Oṣù kan, kò sí nǹkan. Oṣù márùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Oṣù kẹjọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú kúnkú, ó ń ké láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, wọ́n ní SS ni. Fòníkú-fọ̀ladìde. Màmá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé, "AA lọmọ mi. Àtìgbà tí mo ti bí i, orí fífọ́ ò ṣe é rí. Ìwọ obìnrin yìí, ta ló fún ẹ lóyún?" Mi ò bá yín jà, Màmá, ohun tí ìwé sọ lẹ sọ. AA kì í bí SS, ọmọ ilé ìwé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Morọ́lá kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ Ọláyanjú gbà. Bọ̀dá, ẹ ní, "Ẹ̀jẹ̀ tèmi kọ́ ló ń ṣàìsàn." Ó ní kí wọ́n ṣe DNA nígbà náà. Màmá ní wọn ò ní gún ọmọ tòun lábẹ́rẹ́ nítorí ìṣekúṣe ẹlòmíràn, pé ìtìjú tó wà nílẹ̀ ti tó, a kì í sanwó fún òmíràn. Ni bàbá àgbà yín tó ti dolóògbé, Ọlọ́run bá wa tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, bá sọ pé ó dáa, kí Morọ́lá lọ sí ilé àyẹ̀wò yẹn, kó ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ Ọláyanjú wò. Bí àṣìṣe bá wà, kó mú un wá. Bí kò bá sí, kó mú ìyẹn náà wá, kó sì kó ẹrù ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi. Ibi tí mo ti bẹ̀rù jù nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàálù ń kọjá lórí òrùlé wa bó ṣe máa ń kọjá ní Àjàó, ọmọ ń jí gìrì, ìyá ẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Morọ́lá jókòó síwájú mi, ó ní, "Bánkẹ́, mo dúpẹ́ pé ìwọ ni mo bá. Mi ò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí ọkọ mi, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kan wà níbì kan. Bá mi wá a." Mo ní kó dúró dè mí. Mo wọ inú yàrá mi, mo ṣí àkọsílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan: Ọláyanjú, AS. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dìgbà tí mo bá wá nǹkan. Kí n tẹ bọ́tìnì kan ni, kí ìwé jáde, kí n gbé e lé e lọ́wọ́, ìyà ẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Ìwé méjì yẹn á wá wà lọ́wọ́ ẹbí yín, ọ̀kan AA, ọ̀kan AS, orúkọ kan náà, wọ́n á sì béèrè pé ta ló kọ wẹ́bùsáìtì. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mo rí ìyá mi ní Ìlobùú tí àwọn èèyàn ń nàka sí. Gbogbo ìyẹn ni mo rí. Ọmọ tó ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò rí i.

Mo pa S rẹ́. Mo kọ A sí i. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Létà kan ṣoṣo, ìka mi yìí ni mo fi ṣe é. Mo dá ọjọ́ àkọsílẹ̀ padà sí ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé a fọwọ́ kàn án. Mo pa ohun tó wà nínú àpótí káàṣì rẹ́, kí ti tẹ́lẹ̀ má bàa jáde kó tú mi fó. Ẹ ò rí nǹkan bí? Lọ́jọ́ tó yẹ kí n ṣọ́ra, mi ò ṣọ́ra. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ba ayé èèyàn jẹ́, kò sí ohun tí mo gbàgbé. Alameen náà lọ ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ kọ èsì sí, ó fi sápò. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo lu òǹtẹ̀, mo gbé e fún Morọ́lá. Mo ní, "Mo wá a títí, Morọ́lá. AA ni." Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tọmọ, ó ní, "Bánkẹ́, ṣé ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ mi ní ọsibítù ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀! Ó lè ya ìwé yẹn kó tó délé, ta ló máa mọ̀? Kò ya á. Ohun tí wọ́n rán an ló jẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e wá sínú pálọ̀ yìí, ó gbé e lé bàbá àgbà lọ́wọ́, ó sì fi Bíbélì búra pé òun ò mọ ọkùnrin mìíràn. Ẹ ní ó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ọjọ́ kejì ló kó ẹrù padà sí Okota, sí yàrá tó kọjú sí tèmi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ra oògùn Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Oṣooṣù ni mò ń gbé e lọ, tí Morọ́lá á kúnlẹ̀ gbà á. Èmi tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, á kúnlẹ̀ fún mi. Á ní, "Bánkẹ́, gbogbo ayé kẹ̀yìn sí mi, ìwọ nìkan lo dúró. Ọmọ á tọ́jú ẹ dalẹ́." Mo máa ń ṣe àmín. Ẹni tó bá ní mo ń ṣàánú, irọ́ ló ń pa. Mo ń ra oorun ni. Oorun náà ò sì wá.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni nǹkan yí mi padà. Àìsàn tún kọ lu Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, Morọ́lá wà níbi iṣẹ́ ní Òṣòdì, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dé ọsibítù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wá iṣan ọwọ́ ẹ̀, ìrora mú un débi pé ojú ẹ̀ ń yí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó di aṣọ mi mú, ó ń wí pé, "Àǹtí, mi ò ṣe mọ́. Mi ò ṣe mọ́. Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mi ò ṣe mọ́." Ọmọ yẹn rò pé wọ́n ń na òun ni. Ó rò pé òun ṣẹ nǹkan. Ẹ gbà mí o! Mo sá jáde sí ìta gbangba, mo fi orí gbá ògiri. Nígbà tí Morọ́lá dé, ọmọ ti sùn. Ó jókòó tì mí, ó ní òun gbọ́ pé Ọláyanjú ń gbéyàwó ní Sátidé, pé orúkọ ìyàwó ń jẹ́ Jennifer, AS lòun náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí wàhálà, torí ìwé AA tí ilé iṣẹ́ wa fún un ni ṣọ́ọ̀ṣì tún gbà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn ní, "Ọlọ́run á fún wọn lọ́mọ tó lálàáfíà." Mo ní, "Morọ́lá, AS ni Ọláyanjú."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo rò pé á gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí. Ó wo ọwọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò dáa létí, ó wá di ẹkún. Ó ní, "Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orí mi ló dàrú. Mo ti ń rò pé bóyá ẹnìkan fún mi ní nǹkan mu, tí mi ò mọ̀." Ó lé lọ́dún méjì tó fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ṣẹ̀ nínú ara ẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Má bẹ̀ mí báyìí. Ṣé o lè sọ ọ́ níwájú ìyá ọkọ mi?" Mo ní mo lè sọ ọ́. Ó ní, "Mi ò ní kí wọ́n gbà mí padà. Orúkọ mi ni kí wọ́n dá padà fún mi, kí ọmọ mi sì ní bàbá." Ìdí tí ẹ fi rí wa lónìí nìyẹn.

Mo ti sọ fún Dókítà ní àná. Ó ní òun ò mọ̀ mí mọ́, pé lọ́yà ló máa bá mi sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, kò mọ nǹkan kan, ẹ má bá a jà. Alameen ti wà lókè òkun, ó ránṣẹ́ pé kí n jẹ́ kí ajá tó sùn máa sùn. Ajá wo ló sùn? Ọmọ ló ń ké. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá bá wọn múra ìgbéyàwó nínú pálọ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń kọ́ṣẹ́ tí mo kọ́, ẹ wò mí dáadáa. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe nídìí iṣẹ́ wa. Ìdajì ìṣẹ́jú ni mo fi tún àṣìṣe tèmi ṣe. Ká ní mo fi ìṣẹ́jú kan sí i pe èèyàn kan lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ìbáwí ni màá gbà, bóyá kí iṣẹ́ bọ́. Mo ní kí n fi pamọ́, ibi tí mo fi pamọ́ sí ni egungun ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá bà á jẹ́, ẹ pariwo ara yín. Ẹ má dúró dọ̀la.

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú yín, torí ìkúnlẹ̀ ò tó o. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún mi lésì. Ẹ má sì gbà mí gbọ́. Mo ti parọ́ fún yín pẹ̀lú òǹtẹ̀, kí ló dé tí ẹ ó fi gba ti ẹnu lásán gbọ́? Obìnrin tó tẹ̀ lé wa wọlé yìí, Nọ́ọ̀sì Salimat ni, kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ wa, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì tú u nínú ọ̀rá. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ, ẹni tó bá wù yín ni kó gbé e lọ, kí wọ́n fọwọ́ kọ èsì ẹ̀ síwèé níwájú yín. Kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Bí mo bá parọ́, Morọ́lá á jáde, èmi náà á jáde, ẹ ò ní rí wa mọ́. Bí kì í bá ṣe irọ́, ọmọ yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, láti àárọ̀ ló ti ń béèrè ta ni bàbá òun. Bọ̀dá Ọláyanjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá ẹ̀wù yín sókè.